Ìbọn ọdẹ: Kí ló dé tí ti àtijọ́ fi ń pẹ́ lọ́wọ́ ju ti ìsinsìnyí lọ?

Dansoman, ní ìhà ìwọ̀ oòrùn Accra tó jẹ́ olú ìlú Ghana, kò jìnnà sí òkun rárá. Kò sí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ tó nílò àlàyé lórí ohun tí atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń fi ojú irin rí. Géètì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìdí, páànù á máa jẹ láti etí, àgádágodo á sì le koko mọ́ ẹni tó fẹ́ ṣí i lọ́wọ́.

Bí géètì bá dógùn-ún, ọ̀dà ni ojútùú rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọjá ọ̀dà, torí pé ojú àti ìka ẹni tó gbé e dání ló wà nínú ewu. Irin náà ni ìbọn ọdẹ.

Òfin Ghana fàyè gba ará ìlú láti ní ìbọn ọdẹ tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kì í ṣe gbogbo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ló ń gbé lábúlé. Òmíràn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láàárín ìgboro, níbi tó ti ń retí ọjọ́ tí olówó rẹ̀ á ráyè lọ sí oko. Àwọn kan jẹ́ ogún bàbá, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Belgium wá láyé ìjọba amúnisìn. Àwọn míràn jẹ́ tuntun, tí olówó wọn ṣì ń tọ́jú páálí tó bá wọn wá.

Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kì í ṣàì jáde níbi tí ọdẹ méjì bá ti jókòó, yálà ní Accra, ní Ṣakí tàbí ní Sávẹ̀: ìbọn ayé ìsinsìnyí kò rí bíi ti àtijọ́ mọ́. Wọ́n á ní ti bàbá àwọn ṣì ń dún ketekete lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, àmọ́ tuntun tí àwọn fi owó gọbọi rà ti ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́.

Ṣé òótọ́ ni, àbí àròjinlẹ̀ àwọn àgbà tó máa ń rò pé gbogbo ohun tó ti kọjá ló dáa? Ìtàn àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn fi hàn pé òótọ́ wà níbẹ̀. Ó tún fi hàn pé ìdí rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò.

Ọdún 1964 tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà kò gbàgbé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìbọn sí "ti àtijọ́" àti "ti ìsinsìnyí", ẹ wo ilé iṣẹ́ Winchester ní ìlú New Haven, ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1936 ni wọ́n ti ń ṣe ìbọn ọdẹ kan tí wọ́n pè ní Model 70. Odidi irin tí wọ́n ti rọ ni wọ́n fi ń ṣe ọkàn ìbọn náà. Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ á wá máa fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, á fi ayùn wẹ́wẹ́ tún un ṣe, títí tí apá kan á fi bọ́ sínú èkejì láìsí àlàfo. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fín ìlà sára igi ìdí ìbọn kó má baà yọ̀ lọ́wọ́ ọdẹ.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gba àkókò, àkókò sì ni owó. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó oṣù òṣìṣẹ́ ń lọ sókè, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń ta ìbọn tiwọn ní owó pọ́ọ́kú. Ní ọdún 1964, Winchester yí ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ padà. Dípò kí wọ́n fín igi, wọ́n fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ àmì sí i lára. Wọ́n yọ irin gígùn tó máa ń di ọta mú ṣinṣin bó ṣe ń wọnú ìbọn àti bó ṣe ń jáde, wọ́n fi kékeré kan rọ́pò rẹ̀. Nínú Model 94, ìbọn mìíràn tí àwọn ọdẹ fẹ́ràn, wọ́n mú àwọn ẹ̀yà kan tí wọ́n ti ń fi irin gidi gbẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣe wọ́n. Kódà irin tí wọ́n fi ṣe ara ìbọn náà kọ àwọ̀ dúdú bí aró tí wọ́n máa ń fi pa ìbọn.

Àwọn oníbàárà rí i, inú bí wọn. Láti ìgbà náà ni ẹni tó ń ra Model 70 alòkù ti máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé ó ṣáájú ọdún 1964 àbí ó tẹ̀lé e. Títí dòní, èyí tó ṣáájú ló ń wọ́n jù. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dá irin gígùn tí wọ́n yọ yẹn padà sínú àwọn kan lára ìbọn rẹ̀. Ẹni tó bá dá ohun kan padà lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ti jẹ́wọ́ pé kò yẹ kí òun yọ ọ́.

Ó yẹ ká sọ ọ́ báyìí pé ìbọn tó tẹ̀lé ọdún 1964 kì í bú gbàù mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ó ń yìn, ó sì ń pa ẹran. Ohun tó sọ nù ni iṣẹ́ àfọwọ́parí: dídán, wíwọra, àti agbára láti fara da ìlò kúlòkúlò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àpẹẹrẹ kejì kan ará Dansoman gbọ̀ngbọ̀n. Ìbọn Remington 870, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1950, wà lára àwọn ìbọn oníkátíríìjì tí wọ́n tà jù lágbàáyé. Wọ́n ti ṣe ju mílíọ̀nù 10 lọ. Èyí tí wọ́n pè ní Wingmaster ni wọ́n máa ń dán ara irin rẹ̀ títí á fi máa kọ mànà kí wọ́n tó fi àwọ̀ aró pa á. Ní ọdún 1987, wọ́n gbé ẹ̀dà kan tó dín owó jáde, orúkọ rẹ̀ ni Express. Ẹ̀rọ inú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ara irin ni wọ́n ti yàtọ̀: ti Express ṣú, ó sì rí wúruwùru bí ẹ bá fi ìka pa á.

Irin tó dán kì í fún omi níbi tó máa jókòó sí. Irin tó rí wúruwùru ní àwọn ihò tíntìntín tí ojú kò rí, ibẹ̀ sì ni omi àti iyọ̀ máa ń forí pamọ́ sí. Ìdí nìyí tí ìráhùn tó pọ̀ jù lórí Express fi jẹ́ pé ó ń tètè dógùn-ún. Bí ó bá lè dógùn-ún ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà tí òkun jìnnà sí, ohun tí atẹ́gùn òkun Accra á fi ojú rẹ̀ rí kò ṣòro láti mọ̀.

Nígbà tí àwọn àgbà òṣìṣẹ́ lọ, tí wọ́n mú iṣẹ́ lọ

Ìtàn tó là ọ̀rọ̀ yìí yé èèyàn jù ni ti Marlin. Láti ọdún 1870 ni ilé iṣẹ́ náà ti wà ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ìbọn tí wọ́n fi lórúkọ ni èyí tí ọdẹ máa ń fi ọwọ́ tì sísàlẹ̀ kó tó fà á padà, kí ọta mìíràn lè bọ́ sẹ́nu. Lọ́dún 2007 ni Remington kéde pé òun fẹ́ rà á. Kò ju ọdún mélòó kan lọ, wọ́n ti ilé iṣẹ́ Connecticut pa, wọ́n kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ tiwọn ní ìlú Ilion, ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn òṣìṣẹ́ kò bá ẹ̀rọ lọ.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà ti gbó gan-an. Àwọn tó ti ń lò wọ́n láti ìgbà èwe mọ èyí tó máa ń fà sí ọ̀tún díẹ̀, wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe lẹ́yìn iye ìbọn kan, wọ́n sì mọ ibi tí ohun tó wà nínú àwòrán iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ ń ṣe ní ti gidi. Ìmọ̀ yẹn kò sí nínú ìwé kankan. Orí àti ọwọ́ èèyàn ló wà. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá wọn dúró, wọ́n mú un lọ sílé.

Àwọn ìbọn tó jáde láti Ilion ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ohun ìtìjú. Ohun tí ọdẹ fi ń wo ọ̀ọ́kán kò tò lórí ìlà. Àlàfo wà láàárín igi àti irin, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbọn ń há nígbà tí wọ́n bá ń ti ọta wọlé. Àwọn oníbàárà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá alòkù. Wọ́n á yẹ ara ọ̀pá ìbọn wò fún lẹ́tà méjì, JM, tó jẹ́ òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Connecticut àtijọ́. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á rà á. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á dá a padà sórí àtẹ. Èyí tó lé ní ogún ọdún wá wọ́n ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú páálí jáde.

Kí a tó sọ pé ìtàn náà parí síbẹ̀, Remington wọ gbèsè. Ó lọ sílé ẹjọ́ fún ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè ní ọdún 2018, ó tún padà lọ ní 2020, wọ́n sì gé e tà ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ilé iṣẹ́ Ruger ló ra Marlin, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 28 dọ́là. Wọn kò sáré. Wọ́n tún àwòrán iṣẹ́ yẹn yà látòkèdélẹ̀, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí ní North Carolina, ó sì di ìparí ọdún 2021 kí ìbọn àkọ́kọ́ tó jáde. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìbọn dáadáa ló gbà pé ó tó ti àtijọ́, àwọn kan tilẹ̀ ní ó jù ú lọ.

Nítorí náà, ẹ̀rọ ìgbàlódé kọ́ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Orúkọ kan náà ni, irú ìbọn kan náà ni, ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì tún ṣe lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó yàtọ̀ ni bóyá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ gbà láti sanwó fún ọwọ́ tó ń parí iṣẹ́ àti ojú tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọjà.

Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo ìbọn àtijọ́ ló dáa?

Rárá o. Accra gan-an sì ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jáde ní Dansoman, ẹ gba etí òkun lọ sí ìhà ìlà oòrùn. Ẹ ó kọ́kọ́ dé Jamestown, níbi tí James Fort ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Ussher Fort tí àwọn ará Holland kọ́ wà. Àdúgbò kan níbẹ̀ ń jẹ́ Ngleshie Alata, orúkọ tí yóò pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín nítorí "Alata" náà ni àwọn ará Ghana fi ń pe àwọn tó ti ìhà Nàìjíríà wá. Ẹ tún tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ó dé Osu, níbi tí odi Christiansborg dúró sí. Ọwọ́ àwọn ará Denmark ni odi náà wà fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún kan àtààbọ̀ lọ, títí di ọdún 1850 tí wọ́n tà á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ìbọn wà lára ọjà tí gbogbo wọn ń tà. Ìbọn tí àwọn ará Denmark ń tà létí òkun yìí ló bí orúkọ tí òyìnbó fi ń pe ìbọn ìbílẹ̀ dòní, "dane gun", èyí tí àwa ń pè ní ṣakabùlà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Inikori, onímọ̀ ìtàn tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ṣírò rẹ̀ pé láàárín ọdún 1750 sí 1807, ìbọn tó ń wọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún tó 283,000 sí 394,000. Ẹrú sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà dípò rẹ̀.

Báwo ni ìbọn náà ṣe rí? Ìlú Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Lord Shelburne, òṣèlú Gẹ̀ẹ́sì kan tó ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ ní ọdún 1766, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lé ní ìdajì lára ìbọn tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà tó jẹ́ pé ó máa bú mọ́ ẹni àkọ́kọ́ tó bá yìn ín lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣì ń jiyàn lórí bóyá ó bù mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn olùrà létí òkun kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n máa ń yẹ ìbọn wò, wọ́n sì máa ń kọ èyí tí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Àmọ́ kò sí ẹni tó jiyàn pé ìbọn burúkú pọ̀ nínú ọjà yẹn.

Níbo ni àwọn ìbọn burúkú yẹn wà báyìí? Wọ́n ti bú, wọ́n ti dógùn-ún, alágbẹ̀dẹ ti yọ́ wọn fi ṣe ọkọ́ àti àdá. Èyí tó dáa nìkan ló ṣẹ́ kù kí ọmọ-ọmọ tó rí i. Ẹ̀tàn ńlá wà nínú èyí. Bí a bá kó ìbọn ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tó ṣì ń dún jọ, tí a wá fi wé gbogbo ìbọn tó jáde lọ́dún yìí, àṣàyàn là ń fi wé àpapọ̀.

Àwọn àtijọ́ tí orúkọ wọn dún dáadáa pàápàá ní àbùkù tiwọn. Ibi tí ìka ti ń fa ìbọn nínú Remington 700, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú 2006, di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ nítorí ẹ̀sùn pé ó ń yìn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Àdéhùn tí wọ́n fi parí ẹjọ́ náà kan nǹkan bí mílíọ̀nù 7.5 ìbọn. Ẹni tó ra ọ̀kan nínú wọn ní ọdún 1970 á máa yangàn pé òun ní ojúlówó ìbọn àtijọ́.

Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá fi sílẹ̀ náà lè di ọ̀tá ọmọ. Àwọn kan wà tí ara ọ̀pá wọn ní àwòrán bí omi tó ń ṣàn. Okùn irin rírọ̀ àti irin líle ni wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì fi òòlù pa pọ̀ láti fi ṣe é. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ẹ̀tù dúdú ayé àtijọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ẹ̀tù inú kátíríìjì òde òní tí agbára rẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ló sì jẹ́ pé kátíríìjì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 65 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà lónìí jẹ́ 70. Ó máa wọlé, kò ní há, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń rò pé kò séwu. Ìgbà tó bá yìn, tí ẹnu kátíríìjì bá fẹ́ là, ni kò ní rí àyè tó, agbára ẹ̀tù á sì wá ibòmíràn gbà jáde.

Òǹtẹ̀ tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn

Nígbà náà, báwo ni èèyàn ṣe lè mọ ìbọn tó ṣe é fọkàn tán? Àwọn ará Yúróòpù ti dáhùn ìbéèrè yìí láti ọjọ́ pípẹ́: wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó ṣe ìbọn nìkan jẹ́rìí ara rẹ̀. Ìbọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdánwò. Wọ́n á ki ẹ̀tù tó ju èyí tí ọdẹ máa lò lọ sínú rẹ̀, wọ́n á yìn ín níbi tí kò ti lè pa ẹnikẹ́ni lára, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó là tàbí ó wú. Bí ó bá yege, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìbọn ní London gba ìwé àṣẹ ọba ní ọdún 1637. Birmingham gba ilé ìdánwò tirẹ̀ nípasẹ̀ òfin ilé aṣòfin ní 1813. Liège ní Belgium náà ní tirẹ̀. Ní 1914, àwọn orílẹ̀-èdè kan kóra jọ kí òǹtẹ̀ ara wọn lè máa ṣiṣẹ́ láàárín ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ìbọn bàbá, bí ẹ bá tú u tí ẹ sì yí ọ̀pá rẹ̀ padà, fi lè ní àwòrán adé pẹ̀lú lẹ́tà BNP tí ó bá jẹ́ ti Birmingham, tàbí lẹ́tà ELG nínú àmì tó rí bí ẹyin tó bá jẹ́ ti Liège. Amẹ́ríkà kò ní irú òfin yìí. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dán tirẹ̀ wò, èyí tó túmọ̀ sí pé lọ́jọ́ tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá fẹ́ dín ìnáwó kù, ọwọ́ rẹ̀ lè dé ibẹ̀ náà.

Ìbọn tó wọ ìlú lẹ́yìn ìta kò ní ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò rárá. Ní January 2017, àwọn aṣọ́bodè Nàìjíríà mú ìbọn 661 nínú ọkọ̀ kan ní agbègbè Mile 2 ní Èkó. Ní September ọdún kan náà, wọ́n tún mú 1,100 tó ti Turkey wá ní èbúté Tin Can. Ariwo ọjọ́ náà dá lé ọ̀rọ̀ ààbò ìlú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn tó bá gba irú ọ̀nà yẹn dé ọwọ́ ọdẹ, ta ni ọdẹ fẹ́ dá a padà fún bí ọ̀pá rẹ̀ bá wú?

Alágbẹ̀dẹ tó ń fara pamọ́

Ọ̀pọ̀ ọdẹ ní ilẹ̀ wa kò tilẹ̀ dé ibi tí à ń sọ yìí. Owó Remington kò sí lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ti Winchester. Ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ ni wọ́n ń lò.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn. Nígbà Ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn gbà nípasẹ̀ àwọn èèyàn wọn ní Èkó, Ìbàdàn tó mọ ogun jíjà sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ogun. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù pàdé ní Brussels, wọ́n sì ṣe àdéhùn pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ èyí tó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Èyí tí wọ́n fàyè gbà ni ìbọn olókùúta tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Títí dòní, òfin ìbọn Nàìjíríà tó wà láti 1959 ṣì ya ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀. Ṣakabùlà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ gbé wọnú iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn nígbà tí àwọn gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù dá a sílẹ̀ ní January 2020, nígbà tí AK-47 wà lọ́wọ́ àwọn ajínigbé.

Ní Ghana, òfin ọdún 1972 kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ṣe ìbọn láìgba àṣẹ ìjọba. Síbẹ̀, wọ́n ń ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kwesi Aning, tó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005, pè é ní iṣẹ́ abẹ́lẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ Ghana mọ irin. Ẹni tó bá ti dé Suame Magazine ní Kumasi, níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ palẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó padà, kò ní jiyàn. Àbùkù wọn kọ́ ni pé wọn kò mọṣẹ́. Irin tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń lò, páìpù omi nígbà mìíràn, tàbí ọ̀pá tó ń yí táyà ọkọ̀. Àwọn tó ṣe páìpù omi kò fi ìgbà kan ronú pé ẹ̀tù máa bú nínú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, alágbẹ̀dẹ tó rọ ìbọn fún ọdẹ mọ ọdẹ náà, ó mọ ilé rẹ̀, wọ́n jọ ń bọ Ògún ni. Bí ìbọn bá bú mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, gbogbo ìlú á mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ náà sì lè dópin síbẹ̀. Kò sí ilé ìdánwò, ṣùgbọ́n orúkọ ń ṣiṣẹ́ òǹtẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń sá fún ọlọ́pàá kò lè fi orúkọ sára ìbọn. Alárinà ni yóò bá a tà á, fún ẹni tí kò ní rí láé. Òfin tí wọ́n ṣe láti dáàbò bo ìlú ti wá sọ ìbọn náà di ohun tí kò ní bàbá, ọdẹ tó rà á kò sì lè kígbe nítorí òun náà ti rú òfin.

Ìjọba mọ̀ pé ìbọn gbọ́dọ̀ ní àmì. Àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní June 2006, sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ sàmì sí ìbọn kí wọ́n lè mọ ibi tó ti wá. Ghana dá àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní 2007. Àmọ́ àmì yẹn wà fún títọpa ìbọn tí ọ̀daràn bá lò. Kò sọ fún ọdẹ bóyá ìbọn náà á gbé kátíríìjì tó fẹ́ kì í.

Kí ọdẹ tó sanwó

Ẹni tó fẹ́ ra ìbọn, tuntun tàbí alòkù, lè kọ́kọ́ bèèrè òǹtẹ̀ ìdánwò kó tó wo igi àti àwọ̀. Kó rí i dájú pé kò sí nǹkankan nínú ìbọn, kó ṣí i, kó sì na ọ̀pá rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà: inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́, kó sì dán, láìsí òjìji tó rí bí òrùka. Òjìji bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ àmì pé ọ̀pá ti wú níbẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà kó pa ìbọn dé, kó gbìyànjú láti mì í láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ọ̀pá ti pàdé ìdí kò gbọ́dọ̀ mì rárá. Kó wo iye tí wọ́n kọ nípa gígùn kátíríìjì. Bí kò bá rí i kà, kó gbé e lọ bá ẹni tó ń tún ìbọn ṣe pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ ní àwòrán bí omi tó ń ṣàn, kó gbé e kọ́ sára ògiri bí ó bá wù ú. Kó má kì í.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú náà kò kéré. Láti ọjọ́ kìíní oṣù August sí ọjọ́ kìíní oṣù December lọ́dọọdún, òfin Ghana ka iṣẹ́ ọdẹ léèwọ̀ kí ẹran lè ráyè bímọ; ọ̀yà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, ìyẹn náà sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Oṣù mẹ́rin nìyẹn tí ìbọn lè fi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, nínú àpò aláwọ tó ń fa omi mọ́ra, ní ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Bí wọ́n bá fi ẹ̀tù dúdú yìn ín kẹ́yìn tí wọn kò sì fọ inú rẹ̀, èérú ẹ̀tù náà á máa fa omi láti inú atẹ́gùn, á sì máa jẹ irin láti inú síta, níbi tí ojú kò tó.

Òróró díẹ̀ lórí aṣọ tó mọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ti tó fún Wingmaster. Express fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti páìpù omi ńkọ́? Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì oṣù December, kó tó di pé wọ́n ki ohunkóhun sí i, ó yẹ kí ẹnì kan kọ́kọ́ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó wo inú rẹ̀ dáadáa.